Ohun tójú mi rí nídìí wọ́tàkọ́lọ̀ kí n tó mọ̀ pé pépà ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi wọ́tàkọ́lọ̀, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n máa ń fi omi pò, yàwòrán ni mò ń kọ eléyìí sí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tí nǹkan ò sì lọ bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ ti ń rò ó nínú ara yín pé bóyá ọwọ́ yín ò gbà á ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí mo ná sọnù àti ìbànújẹ́ tí mo fi kún un, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà ni mo gbájú mọ́. Mo ra àpótí ọ̀dà tó ní àwọ̀ 36 nínú, gbogbo ẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, ó wu ojú gan-an, mo ra búrọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi tí wọ́n dì pọ̀, ìgbà tó wá kan pépà, ìwé ìyàwòrán lásán ni mo mú, irú èyí tí wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù yàwòrán sí, torí lójú tèmi nígbà yẹn kò sí pépà tó yàtọ̀ sí ara wọn. Gbogbo wàhálà tó dé bá mi lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ ló ti wá.

Bí omi bá ti kan pépà yẹn báyìí, á wú, á ká, àárín á ga sókè, ẹ̀gbẹ́ á rì, ọ̀dà á sì ṣàn lọ kó jọ síbi tó rì yẹn, tó bá wá gbẹ tán, ojú ọ̀run tí mo ní mò ń kùn á ti di ìlà-ìlà àti àbàwọ́n. Tí mo bá ní kí n tún un ṣe, tí mo tún gbé búrọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀, ojú pépà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní wẹ́wẹ́. Mo ń wo fídíò àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, mò ń dá a dúró, mò ń ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é gẹ́lẹ́, tiwọn á tẹ́jú, tèmi á dà rú. Ó máa ń dun èèyàn wọra, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń kó àwọn tó bàjẹ́ pa mọ́ torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí wọn, ó wá dé ibì kan tí mo palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́ tí mo sì sọ pé ó tó.

Àǹtí kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló bá mi dá sí i. Mo rò pé á sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ mi, àmọ́ kò tiẹ̀ tíì wo àwòrán náà tán tó fi yí i dojú dé, ó fi ìka pa ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní, "Pépà yìí ò lè gba omi. Èmi gan-an ò lè ṣe nǹkan tó dáa lórí ẹ̀." Ó gé díẹ̀ fún mi nínú pépà tiẹ̀. Ọ̀dà mi yẹn náà ni, búrọ́ọ̀ṣì mi yẹn náà ni, mo kùn ún, ó sì tẹ́jú kalẹ̀. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí mo rántí gbogbo àsìkò tí mo ti fi ń bá ara mi wí lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pépà dáadáa kí n tó sọ nǹkan míì.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa wá lára ẹ̀ ni 300 gsm, ìyẹn ni pé tí pépà yẹn bá fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ìwọ̀n ẹ̀ á jẹ́ gíráàmù 300. Àwọn ilé iṣẹ́ míì máa ń kọ 140 lb sí i, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Pépà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé jáde láti inú kọ̀ǹpútà ò ju nǹkan bí 80 lọ, ẹ fi wé ara wọn. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ ju 300 lọ, bíi 190, ó lè ṣeé lò, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nà án: ẹ rì í sínú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó, ẹ fi téèpù oníwèé tí wọ́n máa ń fomi lẹ̀ yí etí ẹ̀ ká, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Tó bá gbẹ á le gbagidi, kò sì ní ká mọ́. Àwọn kan máa ń tà á ní ìdìpọ̀ tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo etí ẹ̀ pọ̀, ìyẹn ò nílò nínà, ẹ ṣáà kùn ún lórí ibẹ̀, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ tí ò mú yọ ọ́ lókè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó dáa jù ni èyí tó jẹ́ òwú látòkèdélẹ̀, wọ́n á kọ 100% cotton sí i. Èyí tí wọ́n fi igi ṣe ò wọ́n tó ìyẹn, ẹ lè fi dánra wò, àmọ́ omi tètè máa ń gbẹ lójú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kun àwọ̀ kan lé òmíì lórí, ti ìsàlẹ̀ máa ń fẹ́ hú kúrò. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi ni pé pépà wọ́tàkọ́lọ̀ gidi, wọ́n máa ń fi gẹlatíìnì tàbí irú sítáàṣì kan sí i, òun ni kì í jẹ́ kó fa omi mu lójú ẹsẹ̀, omi á dúró lókè díẹ̀ kẹ́ ẹ ráyè ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú pépà síbi tó lọ́rinrin fún ìgbà pípẹ́, gẹlatíìnì yẹn á bàjẹ́, tẹ́ ẹ bá wá kùn ún, ẹ máa rí àmì tóótòòtó níbi tí ọ̀dà ti wọlé jù. Ọwọ́ tó lọ́ràá náà máa ń ba ojú ẹ̀ jẹ́, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó dì í mú.

Ojú ẹ̀ tún jẹ́ oríṣi mẹ́ta: hot press tó ń dán, rough tó rí gbágungbàgun, àti cold press tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Cold press ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Hot press máa ń fi gbogbo àṣìṣe hàn, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì balẹ̀.

Òótọ́ ni pé pépà olówùú wọ́n. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ra odindi ńlá, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 sí 76, mo máa gé e sí mẹ́jọ, mo sì máa ń lo iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn á fi èyí tí ò dáa kọ́ṣẹ́ ná, wọ́n á tọ́jú èyí tó dáa di ọjọ́ tọ́wọ́ àwọn bá mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ lórí pépà tí ò gba omi, ẹ máa ní láti gbàgbé ẹ̀ ni. Tí owó ò bá tó, ẹ yọ ọ́ lára ọ̀dà, ẹ yọ ọ́ lára búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má yọ ọ́ lára pépà.

Ọ̀dà wá ńkọ́? Nínú àwọ̀ 36 yẹn, èyí tó pọ̀ jù mi ò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Ọ̀dà wọ́tàkọ́lọ̀ kò ju ẹbu àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ oje igi acacia lọ, wọ́n á wá fi gílísárìn tàbí oyin sí i kó má gbẹ jù. Torí bẹ́ẹ̀ ni èyí tó bá gbẹ mọ́ ojú àwo yín kò ṣe bàjẹ́ rárá, ẹ kán omi sí i, á tún jí. Èmi ti fọ ọ̀pọ̀ dànù kí n tó mọ̀, ẹ ṣọ́ ọ.

Lára túùbù, ẹ wá àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké kan. PB29 ni búlúù tí wọ́n ń pè ní ultramarine, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú lè jẹ́ orúkọ dídùn kankan, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí túùbù tó ní nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, wọ́n ti po àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ fún yín nìyẹn, tẹ́ ẹ bá tún wá fi méjì irú ẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ẹrẹ̀ lẹ máa rí. Ìdí tí àwọ̀ mi fi ń dọ̀tí nìyẹn, mo rò pé mi ò fọ búrọ́ọ̀ṣì dáadáa ni.

Mẹ́fà ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan báyìí: yẹ́lò tútù PY3, yellow ochre PY43, róòsì PV19, ultramarine PB29, phthalo blue PB15, tó jẹ́ búlúù míì, àti burnt sienna PBr7, tó jẹ́ búráùn tó pọ́n díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá po ultramarine mọ́ burnt sienna, ẹ máa rí àwọ̀ eérú tó lẹ́wà, láti èyí tó mọ́lẹ̀ títí dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ó sì ní ẹ̀mí ju dúdú inú túùbù lọ. Phthalo pẹ̀lú yẹ́lò á fún yín ní gírín tó ń tàn, ẹ fi burnt sienna díẹ̀ sí i kó lè jọ ewé gidi. Róòsì pẹ̀lú ultramarine á fún yín ní pọ́pù. Ẹ rọra fi phthalo o, agbára ẹ̀ pọ̀, tí díẹ̀ ẹ̀ bá bọ́ sínú nǹkan, òun lẹ máa máa rí. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ò burú fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹbu àwọ̀ inú ẹ̀ ló kéré, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rí bàìbàì. Àmọ́ túùbù kékeré mẹ́fà tó dáa máa pẹ́ lọ́wọ́ yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Búrọ́ọ̀ṣì ò le rárá: olórí róbótó kan, nọ́ńbà 8 tàbí 10, àti pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ díẹ̀. Onírun àtọwọ́dá ti tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ rì í sómi, ẹ jù ú gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu ẹ̀ ṣù jọ ṣónṣó fúnra ẹ̀. Ẹ má gbé e dúró sórí ẹnu ẹ̀ nínú ife omi, á tẹ̀ síbì kan, kì í padà, omi á sì wọ inú igi ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹnu pọ́n ọn kó lè ṣónṣó, mo rí i táwọn èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, cadmium àti cobalt wà nínú àwọn ọ̀dà kan, wọn kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ èèyàn lẹ́nu.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ omi. Ibí ni mo ti lò pẹ́ jù, tó bá sì ṣeé ṣe kí n jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, ibí ni máa ti lo gbogbo àkókò mi.

Lẹ́yìn tí mo ti ní pépà gidi, ohun kan tún ń ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò lóye. Mo máa kun ojú ọ̀run, á tẹ́jú, á dáa, màá wá rí ibì kan tó fúyẹ́, màá ní kí n fi díẹ̀ kún un, kó tó pẹ́, omi á ti ya síbẹ̀, etí ẹ̀ á rí jágajàga, gbogbo ojú ọ̀run ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà míì mo ṣe ohun kan náà, kò sì ṣe nǹkan kan. Mo rò pé orí ló ń ṣe é. Kì í ṣe orí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi inú búrọ́ọ̀ṣì mi pọ̀ ju omi tó kù lójú pépà lọ, omi tuntun á wá ti ẹbu àwọ̀ tó ti fẹ́ jókòó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tó tì í dé náà ni jágajàga yẹn.

Torí náà ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń tẹrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá wo pépà láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè hàn lójú ẹ̀. Tí omi bá dúró gbáá síbẹ̀, ẹ sinmi. Tó bá ń dán yanran, ẹ lè fi àwọ̀ míì sí i, á tàn ká fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe kùrukùru àti òjìji inú omi nìyẹn. Tí dídán yẹn bá ti ń lọ, tó kù bàìbàì, ẹ ṣọ́ra yín: ọ̀dà tó ki nìkan, lórí búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ti fi tíṣù fa omi ẹ̀ dáadáa, ló lè lọ síbẹ̀. Tí kò bá dán mọ́ rárá àmọ́ tẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án tó ṣì tutù, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kò tíì gbẹ, ibi tí ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń bàjẹ́ nìyẹn torí ojú á máa sọ fún yín pé ó ti gbẹ. Tí kò bá tutù mọ́, ó ti gbẹ, ẹ lè kun òmíì lé e lórí, etí ẹ̀ á sì mú.

Ìpele yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ ẹ ṣe mọ orúkọ yín. Ẹ máa bi ara yín ní ohun méjì kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan pépà: báwo ni pépà ṣe tutù tó, báwo ni búrọ́ọ̀ṣì ṣe tutù tó?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kun ibi tó fẹ̀ kó sì dọ́gba, ẹ gbé pákó yín sókè díẹ̀ lẹ́yìn, ẹ po ọ̀dà tó máa tó sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá tán láàárín, kẹ́ ẹ tó po òmíì ibẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fa ìlà kan lókè láti apá kan dé èkejì, ẹ máa rí i tí omi á kó jọ sí ìsàlẹ̀ ìlà yẹn, ẹ jẹ́ kí ìlà tó kàn fọwọ́ kan omi yẹn, kó máa fà á bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fún búrọ́ọ̀ṣì gbẹ, kẹ́ ẹ fi ẹnu ẹ̀ fa omi tó kù mu. Lẹ́yìn náà ẹ má padà lọ sókè, kódà tẹ́ ẹ bá rí ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Á ṣòro fún yín, ó ṣòro fún mi. Ẹ dìde kúrò nídìí ẹ̀.

Ife omi méjì ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀kan láti fọ búrọ́ọ̀ṣì, èkejì láti bu omi tó mọ́. Ẹ tún mọ̀ pé àwọ̀ tẹ́ ẹ rí nígbà tó tutù kọ́ lẹ máa rí tó bá gbẹ, á fúyẹ́ sí i, torí náà ẹ máa dán an wò lórí àjákù pépà irú kan náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti tó.

Funfun inú wọ́tàkọ́lọ̀, pépà fúnra ẹ̀ ni. Látorí èyí tó mọ́lẹ̀ lẹ máa ti lọ sórí èyí tó ṣókùnkùn, ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó funfun, ẹ fo ó. Rọ́bà olómi kan wà tí wọ́n máa ń fi bo ibi tí wọn ò fẹ́ kí ọ̀dà kàn, ó wúlò fún nǹkan wẹ́wẹ́, àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì mi tó dáa jù ló bá a lọ, ó gbẹ mọ́ ọn nírun, kò jáde mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì àlòkù ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ pa irun ẹ̀ kí ẹ tó rì í bọ ibẹ̀. Ẹ má fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lójú pépà, á lẹ̀ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ bó o, á bó pépà pọ̀.

Ibi tó bá bàjẹ́, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì tó lọ́rinrin rọra fọwọ́ bà á kẹ́ ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, ultramarine á jáde dáadáa, phthalo ò ní jáde, ó ti wọ pépà lára.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ sọ, ó dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ya òdòdó píńkì kan fún ọ̀rẹ́ mi, ó gbé e kọ́ sítòsí fèrèsé, nígbà tí mo tún máa rí i, píńkì yẹn ti lọ, ewé nìkan ló kù. Kò sọ nǹkan kan fún mi, mo mọ̀ pé kò fẹ́ dùn mí. Oòrùn máa ń jẹ àwọn àwọ̀ kan. Pupa tí wọ́n ń pè ní alizarin crimson PR83 wà nínú wọn, àti àwọn píńkì tó ń tàn yòò tí wọ́n ń pè ní opera. Kì í ṣe àwòrán àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń bá jà. Ní 1900, National Gallery of Ireland, ilé àkójọ àwòrán kan ní Dublin, gba wọ́tàkọ́lọ̀ 31 tí J.M.W. Turner, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà, látinú ogún Henry Vaughan, ẹnì kan tó máa ń kó àwòrán jọ, Vaughan sì ti sọ pé oṣù January nìkan ni kí wọ́n máa gbé wọn síta káwọn èèyàn wò, torí ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ rọ̀ jù níbẹ̀. Títí dòní January náà ni wọ́n ń gbé wọn jáde.

Torí náà kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní àwòrán, ẹ gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kun gbogbo àwọ̀ yín sí i, ẹ fi nǹkan tó ki bo ìdajì ẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ fi apá méjèèjì wé ara wọn. Lórí tèmi, PV19 àti ultramarine ò yí padà, opera ti ṣí tó fi jẹ́ pé ìlà ibi tí mo bò ló hàn jù. Àwọ̀ tó bá ṣí lọ́wọ́ yín, ẹ lè máa fi ṣeré nínú ìwé tẹ́ ẹ máa ń pa dé. Èyí tó máa lọ sára ògiri, inú férémù onígíláàsì ni kó wà, pẹ̀lú páálí tó yí i ká kí gíláàsì má fara kan ọ̀dà, ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ fún pé kó gbé e kọ́ sí ògiri tí oòrùn kì í dé.